Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé eré ìjà ni rọ́gíbì ọmọdé?

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ní Ìlú Ọba ló máa ń yarí tí ọmọ bá ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ rọ́gíbì àdúgbò. Ẹ̀rù wọn nídìí, ṣùgbọ́n eré tàgbà tí wọ́n ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n kọ́ lọmọdé fi ń bẹ̀rẹ̀. Ní England, ìpele abẹ́ ọdún 7 àti 8 kì í gbá ara wọn lulẹ̀ rárá. Bẹ́líìtì lọmọ ń dè, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì á rọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí alátakò bá ti fa ọ̀kan yọ, ó di dandan kí ọmọ tó gbé bọ́ọ̀lù jù ú sẹ́lòmíràn. Abẹ́ ọdún 9 ni wọ́n tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbéni ṣubú. Ewu ṣì wà o, pàápàá fún orí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ ọmọ tí wọ́n bá fura pé orí rẹ̀ mì kúrò ní pápá, kò sì ní padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ ní á pa ìwé lára? Maro Itoje, ọmọ àwọn òbí Nàìjíríà tó di balógun ẹgbẹ́ rọ́gíbì England, gba oyè ìmọ̀ ìṣèlú láàárín eré rẹ̀. Àtakò tó le ni ti ṣọ́ọ̀ṣì, torí òwúrọ̀ Sunday lọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń pàdé. Ìyẹn, ilé kálukú ni yóò dá a. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo ìgbáradì wọn, kẹ́ ẹ sì béèrè ẹni tó ń bójú tó ààbò ọmọdé níbẹ̀.