Ẹ Ka Ohun Tí Ẹ Ń Mu Mọ́ Oúnjẹ: Ìwé Ìlàlóye Lórí Ọtí Ẹlẹ́rìndòdò àti Àfidípò Ṣúgà

Bí a bá bi ẹni tó wá ṣe àyẹ̀wò àtọ̀gbẹ pé kí ló jẹ láti àárọ̀, yóò ka oúnjẹ rẹ̀ fún wa láìfo ọ̀kan: ẹ̀kọ àti àkàrà láàárọ̀, àmàlà lọ́sàn-án, bóyá ẹ̀wà lálẹ́ àná. Mọ́ọ̀tì tó mu lé àmàlà kò ní sí nínú ìṣirò náà. Mínírà tó rà lójú fèrèsé ọkọ̀ nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú un kò ní sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni tíì tó bu ṣúgà sí lẹ́ẹ̀mẹrin. Kì í ṣe pé ó ń purọ́. Lójú ọ̀pọ̀ wa, ohun tí a bá mu kì í ṣe oúnjẹ, ohun tí a fi ń ti oúnjẹ sísàlẹ̀ ni. Ara kò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí a fi kọ ìwé yìí fún ẹ̀yin àti ará ilé yín.

Ṣúgà inú ìgò kan

Mínírà tí wọn kò dín ṣúgà rẹ̀ kù sábà máa ń ní tó gíráàmù 10 ṣúgà nínú mìlílítà 100. Ìgò oníke 50cl tí gbogbo wa mọ̀ gba mìlílítà 500, nítorí náà ṣúgà inú rẹ̀ á tó gíráàmù 50. Ṣíbí ìmutíì kan tó kún dọ́gba ń gba nǹkan bíi gíráàmù 4. Ẹni tó bá gbé ìgò náà mu tán ti mu bíi ṣíbí ṣúgà 12, kò sì sí ẹni tó máa bu ṣíbí 12 sínú ife tíì kan tí ará ilé kò ní pariwo lé e lórí. Òtútù yìnyín àti èròjà kíkan inú mínírà ló ń bo adùn náà mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mínírà kan lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ìfófòó rẹ̀ sì lọ tán, kí ẹ wá tọ́ ọ wò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ ní 2015 pé kí ṣúgà tí a fi kún oúnjẹ àti ohun mímu, pẹ̀lú èyí tó wà nínú oyin àti omi èso, má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ òòjọ́. Fún àgbàlagbà, ìyẹn tó gíráàmù 50. Wọ́n ní ì bá tún sàn bí kò bá ju gíráàmù 25 lọ. Ìgò kan ṣoṣo ti gba gbogbo ààyè ọjọ́ náà, a kò sì tíì ka ṣúgà inú tíì, búrẹ́dì àti bísíkíìtì.

Ṣúgà olómi tún ní ìwà kan tí oúnjẹ líle kò ní: kì í yóni. Ẹni tó jẹ ọsàn mẹ́ta jẹ fọ́nrán ara rẹ̀ mọ́ ọn, ó pẹ́ nínú ikùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì rọlẹ̀ lórí oúnjẹ tó kàn. Ẹni tó mu mínírà yóò jẹ àwo ìrẹsì rẹ̀ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́. Ṣúgà inú ìgò náà yóò ti wọ ẹ̀jẹ̀ kíákíá, insulin, èròjà ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, yóò máa sáré tẹ̀ lé e, ẹ̀dọ̀ yóò sì sọ èyí tí ara kò bá lò di ọ̀rá. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, insulin kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa mọ́, àtọ̀gbẹ yóò sì rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tí kò sanra náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ti eyín, mínírà tí kò ní ṣúgà náà kò mọ́ lọ́wọ́: kíkan inú èyí tó ní ṣúgà àti èyí tí kò ní ń jẹ ara eyín, pàápàá fún ẹni tó ń lá a díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Mọ́ọ̀tì kì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ká wa lára jù. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ọmọ tí ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ: mọ́ọ̀tì àti mílíìkì inú agolo ni ẹbí máa ń kọ́kọ́ sáré rà. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, a kò sì ní bẹnu àtẹ́ lu ìfẹ́. Ṣùgbọ́n ọkà bálì tí wọ́n rẹ sómi títí ó fi hù ni wọ́n ń sè di mọ́ọ̀tì, wọ́n sì sábà máa ń fi ṣúgà kún un. Dúdú tó dúdú kò sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀. Àwọn fítámìn tí wọ́n kọ sára rẹ̀ wúlò, àmọ́ èròjà irin ni ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó sábà máa ń wá, inú ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni ó sì wà. Kálísíọ̀mù inú mílíìkì tilẹ̀ máa ń dí èròjà irin lọ́wọ́ láti wọ ara. Kí aboyún lo hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fún un, kí a sì wá ohun tó ń jẹ ẹ̀jẹ̀ náà: ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ aràn, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń dà. Mọ́ọ̀tì kò wo ọ̀kankan nínú wọn.

Àwọn tó ti ní àtọ̀gbẹ náà máa ń sọ fún wa pé àwọn ti fi mínírà sílẹ̀, pé mọ́ọ̀tì àti omi ọsàn inú páálí ni àwọn ń mu báyìí. Omi èso inú páálí, kódà èyí tí wọ́n kọ sí pé èso pọ́ńbélé ni, ṣúgà rẹ̀ kò jìnnà sí ti mínírà. Ẹ jẹ èso fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tó sì ń bọ̀ wá bẹ aláìsàn wò, ẹ jọ̀wọ́, omi àti ọsàn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ gbé wá dípò páálí mọ́ọ̀tì.

Adùn tí kì í ṣe ṣúgà

Àfidípò ṣúgà ni àwọn èròjà tó dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ìwọ̀nba bíńtín tí à ń lò kì í gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Saccharin ló pẹ́ jù nínú wọn. Constantin Fahlberg ló ṣàwárí rẹ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, ní 1879. Ó dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 300. Aspartame dé ní 1965, bí ìlọ́po 200 ni tirẹ̀; sucralose tẹ̀ lé e ní 1976, òun tó bí ìlọ́po 600. Ilẹ̀ wa náà ní tirẹ̀. Ewé eéran tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín máa ń so èso pupa kan mọ́lẹ̀, láti inú èso yẹn ni wọ́n sì ti ń yọ thaumatin, tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000. Àgbáyun yàtọ̀ díẹ̀: òun fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán tó wá fá ọsàn wẹ́wẹ́ lá, yóò rò pé oyin ni.

Lára ìgò, nọ́ńbà ni wọ́n máa ń kọ nígbà mìíràn: E950 ni acesulfame K, E951 ni aspartame, E954 ni saccharin, E955 ni sucralose. Ìgò tí wọ́n kọ “zero sugar” sí kò ní ṣúgà. Àmọ́ àwọn mínírà kan wà tí wọ́n dín ṣúgà wọn kù, tí wọ́n sì fi àfidípò dí àlàfo rẹ̀. Orúkọ lè má yí, kí ohun inú ìgò yàtọ̀. Ẹ máa kà á.

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá jù ni pé ṣé kì í fa jẹjẹrẹ. Ní oṣù Keje 2023, IARC, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi aspartame sí ìpele 2B. Ìpele náà wà fún ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì múlẹ̀. Nígbà kan náà, ìgbìmọ̀ JECFA tó ń rí sí èròjà àfikún inú oúnjẹ ní kí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀ dúró: mìlígíráàmù 40 fún kílò ara kan lóòjọ́. Ẹni tó wọn kílò 70 yóò mu ju agolo 9 sí 14 mínírà tó ní aspartame lọ lóòjọ́ kó tó kọjá ìwọ̀n yẹn. A kò rí ìdí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yẹ kí a fiyè sí jù ni èyí tí WHO sọ ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà: kí a má fi àfidípò ṣúgà ṣe ọ̀nà láti dín ara kù, nítorí ẹ̀rí kò fi hàn pé ó ń dín in kù tó bá pẹ́. Ìmọ̀ràn yẹn kò kan ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀. Ìdájọ́ tiwa nìyí: ẹni tó ti ń mu mínírà méjì mẹ́ta lójúmọ́ lè gba ibi èyí tí kò ní ṣúgà kọjá títí yóò fi dé orí omi. Ẹni tí kì í mu ún tẹ́lẹ̀, kó má bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi kọ́ ọmọdé. Ahọ́n tó bá ti mọ́ adùn kíkankíkan kì í gba omi mọ́ bọ̀rọ̀.

Ìgbà tí mínírà aláṣúgà ń gba ẹ̀mí là

Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan lè rí i kí ṣúgà ara rẹ̀ já wálẹ̀ lójijì: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ebi á máa pa á, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè máa dàrú. Gíráàmù 15 ṣúgà ló nílò lójú ẹsẹ̀. Ìdajì ìgò mínírà kékeré tó ní ṣúgà dáadáa tó, tàbí ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́rin nínú omi. Èyí tí wọ́n kọ “zero” sí kò lè ràn án lọ́wọ́ rárá. Ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì lọ sókè, ẹ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kó jẹun. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Sóbò, énájì dírínkì àti ọ̀rọ̀ owó orí

Ìṣápá pupa tí a ń sè di sóbò dára, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀ díẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sọ fún dókítà rẹ̀ tó bá ń mu ún lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n ń dà sí i ló ń bà á jẹ́. Ẹ sè é nílé pẹ̀lú atalẹ̀ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó, kí ẹ má fi ṣúgà sí i.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ má po énájì dírínkì mọ́ ọtí líle. Kaféènì inú rẹ̀ kò mú ọtí kúrò lójú. Ó kàn ń jẹ́ kí ọ̀mùtí rò pé ojú òun dá.

Òfin Ìṣúná 2021 fi náírà 10 lé lítà kan ohun mímu aládùn ní Nàìjíríà. Ìyẹn jẹ́ náírà 5 lórí ìgò 50cl. WHO ti ní láti 2016 pé kí owó orí bẹ́ẹ̀ gbé iye ọjà náà lọ sókè tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Náírà márùn-ún kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró, ó sì yẹ kí ìjọba tún un gbé yẹ̀ wò.

Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ mu omi kí ẹ tó mu ohunkóhun mìíràn. Òǹgbẹ ló sábà máa ń fa ìgò àkọ́kọ́. Ẹ dín ṣúgà tíì kù ní ìdajì ṣíbí, kí ẹnu fara mọ́ ọn kí ẹ tó tún dín in. Ẹ fi omi sínú báàgì ọmọ iléèwé. Ẹ̀yin tó ń ṣe òde àríyá, ẹ gbé omi tútù sórí tábìlì pọ̀ tó mínírà, nítorí ohun tó bá wà nítòsí ni àlejò ń mu. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má fún un ní mínírà. Omi iyọ̀ òun ṣúgà ti ilé ìwòsàn, ORS, ni kó mu.

Ẹni tó bá ń tọ̀ lemọ́lemọ́, tí òǹgbẹ ń gbẹ, tó ń rù láìnídìí, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì tàbí tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tètè jinná, kó wá ṣe àyẹ̀wò láàárọ̀ kó tó jẹ ohunkóhun. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá tó 126 mg/dL nígbà tí ikùn ṣófo, a óò tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn kí a tó sọ pé àtọ̀gbẹ ni. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú ìgò tàbí páálí ohun tí ẹ máa ń mu jù lọ dání, kí a lè jọ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀.