Yíyan Wáyà fún Kọ́ìlì Tesla nínú Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Ní 1891 ni Nikola Tesla gba ẹ̀tọ́ àkọ́ṣe lórí kọ́ìlì tí à ń fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ ló ń fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí dá lórí wáyà tín-ín-rín tí à ń wé fún apá kejì kọ́ìlì náà, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe máa ń wà.

Kì í ṣe gbogbo wáyà tó pupa bí bàbà ni bàbà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni òmíràn. Bí a bá fi ọ̀bẹ họ ọ́, inú rẹ̀ yóò funfun. Wíwọ̀n tún dájú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 100 mítà ojúlówó bàbà tí ó nípọn tó 0.3 mílímítà yóò fún wa ní nǹkan bí óòmù 24. Ti alumíníọ̀mù yóò sún mọ́ 37. Kì í ṣe pé ayédèrú kò lè ṣiṣẹ́ rárá, ṣùgbọ́n ó ń fi iná ṣòfò, ó sì tètè ń já.

Ní èrò tiwa, ọ̀dà tí ó bo wáyà ló ṣe pàtàkì jù. Láti Yábàá títí dé Sùúrùlérè ni a ti ń rí àwọn tó ń tún fáànù wé, wáyà àlòkù ọwọ́ wọn kò sì wọ́n. Ẹ má rà á. Ooru ti sán ọ̀dà rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan fi irú rẹ̀ wé kọ́ìlì fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì; kò pé ìṣẹ́jú kan tí òórùn jíjó fi gba yàrá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí 10,000 fóltì bá pín déédéé sórí ìyípo 1,000, fóltì 10 péré ló wà láàárín ìyípo kan àti èkejì. Ṣùgbọ́n bí a bá wé e ní ìpele lórí ìpele, tí ìyípo 200 wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìyípo àkọ́kọ́ àti ìyípo irínwó yóò fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, fóltì bí 4,000 yóò sì wà láàárín wọn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe kọ́ìlì ọkọ̀, irú èyí tí wọ́n ń tà ní ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin, fi ń fi ohun ìdábòbò sáàárín ìpele.

Nítorí náà, ìpele kan ṣoṣo ni kí ẹ wé, sórí páìpù rọ́bà tó gbẹ dáadáa, pàápàá lásìkò òjò. Wáyà tuntun, 0.3 mílímítà, ìyípo 1,000, yóò gba gígùn tó lé díẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Bí páìpù bá fẹ̀ tó 8 sẹ̀ǹtímítà, a ó lo wáyà bí 250 mítà. Ẹ fi fáníìṣì kùn ún lẹ́yìn wíwé. Bátìrì ni kí ẹ fi gbé e ṣiṣẹ́, kì í ṣe iná ilé, olùkọ́ nìkan ni kí ó sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀.