Ilé-Ìwé, Èdè àti Ipò Ọmọ Mẹ̀kúnnù ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín kò ṣòro láti gbọ́, bí ó tilẹ̀ ṣòro láti dáhùn: nígbà tí ìjọba ti ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé sílẹ̀ fún tolówó-tálákà, kí ló dé tí ọ̀pọ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù tí ó wọlé kò fi gòkè ju ibi tí bàbá wọn dúró sí lọ?

Láyé àtijọ́, ìdílé, ogun, òwò àti oko ni ọlá ti ń wá ní ilẹ̀ wa. Ìwé ni ó dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀, èyí tí a pè ní alákọ̀wé. Láti ìgbà tí ìjọ CMS ti dá ilé-ìwé gírámà sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ẹni tí ó bá mọ ìwé kọ, tí ó sì gbọ́ èdè òyìnbó, ni ó ń di akọ̀wé, olùkọ́ tàbí àlùfáà. Owó oṣù rẹ̀ a máa wọlé, òjò ìbáà rọ̀, ìbáà má rọ̀. Àgbẹ̀ kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òbí tí kò mọ A yàtọ̀ sí B fi ń fi owó kòkó rán ọmọ ní ilé-ìwé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé jẹ́ 456,600. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo iye yìí. Ọmọ tí ì bá máa lé ẹyẹ lóko di ọmọ tí ń gbé síléètì. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà kò kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gírámà ń gba owó, àyè ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Fún àwọn tí kò rí àyè, ìjọba dá ilé-ìwé Modern ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀ ní ọdún 1955 kan náà. Ẹni tí ó bá jáde níbẹ̀ lè di olùkọ́ kékeré, ṣùgbọ́n kò lè ti ibẹ̀ kọjá sí Yunifásítì tààrà. Ó di 1979 kí ìjọba ẹgbẹ́ UPN tó mú owó kúrò ní ilé-ìwé gírámà ní ìpínlẹ̀ márùn-ún tí ó wà lábẹ́ wọn.

Owó nìkan kọ́ ni ìdènà. Èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni èdè. Ní kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì a gba ipò Yorùbá nínú gbogbo ẹ̀kọ́. Ọmọ alákọ̀wé ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Rédíò wà nílé, ìwé wà nílé. Ọmọ àgbẹ̀ ti rí i láìmọye ìgbà pé omi inú ìkòkò ń gbẹ lórí iná. Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ já èdè náà kí ó tó já ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹrù méjì ni ó rù, ẹnìkejì rẹ̀ ru ẹyọ kan, ìdánwò kan náà ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Bí ó bá kùnà, a ó ní kò lọ́pọlọ.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ẹgbẹ́ kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Ẹgbẹ́ kejì tẹ̀ lé àṣà tí ó wà nílẹ̀: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tí ó kù. Nígbà tí a dán wọn wò, ẹgbẹ́ kìíní ni ó ta yọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Àwọn kan takò ó pé olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí a yàn fún wọn ni ó ṣe iṣẹ́ náà, kì í ṣe Yorùbá. Àríwísí yìí ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fi hàn gan-an ni pé fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò kò dí ọmọ lọ́wọ́ àtigbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ́. Ìwọ̀nba ohun tí mo ń bèèrè fún ọmọ mẹ̀kúnnù náà nìyẹn. N kò ní kí a sọ Gẹ̀ẹ́sì nù.

Ìjọba àpapọ̀ kò ṣàì mọ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti 1977 fàyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní 2022, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a máa lò ó fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e. Láàárín àkókò yìí, ọmọ àwọn tí ń ṣe òfin ti kúrò ní ilé-ìwé ìjọba. Ẹ gbọ́ orúkọ tí a fún ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rò pé kí ìyá lè ráyè ni a ṣe ń kó ọmọ lọ. Lónìí, ogún ni a ń pín níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ń kọ́ èdè tí ọmọ ẹlẹ́kọ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé lójijì ní kíláàsì, ní àwọn ilé-ìwé mìíràn a sì máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bá sọ Yorùbá.

Ẹ wá wo ẹnu ọ̀nà Yunifásítì. Ọmọ lè mọ ìṣirò bí ẹni mọ ojúlé bàbá rẹ̀. Bí kò bá yege dáadáa nínú Gẹ̀ẹ́sì ní ìdánwò WAEC, ó ṣòro kí ó tó rí àyè kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Yóò padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ olówó a gba olùkọ́ àdáni kí ọdún tó yí po. Ọmọ mẹ̀kúnnù a kọ́kọ́ wá owó ìdánwò: a ru bíríkì, a ṣe alágbàṣe, nígbà tí owó náà bá fi pé, ọdún méjì ti lọ, àbúrò rẹ̀ náà sì ti dé kíláàsì kẹrin.