Kí Sáwà Tó Rọ́pò Báàfù: Ọwọ́ Onílé Nínú Àtúnṣe Ilé Àkàndá Ẹ̀dá

Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú mọ̀ pé etí báàfù ga. Yóò di ògiri tútù mú, yóò gbé ẹsẹ̀ kan, yóò sinmi, kó tó gbé èkejì. Sáwà tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú ni yóò gbà á. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ilé káńsù ló ń gbé, ní Peckham tàbí ibòmíràn ní England, kò lè ṣàdédé pe púlọ́mbà. Káńsù ló nilé, káńsù ni yóò fọwọ́ sí i.

Òfin Ilé Gbígbé ti 1985 kò fi ìfọwọ́sí yìí sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú onílé. Bí onílé bá kọ̀, tọ́rọ̀ dé kóòtù, òun ni yóò fi hàn pé ìdí rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Lára ohun tí kóòtù lè wò ni bóyá iṣẹ́ náà yóò sọ ilé di eléwu, bóyá yóò kó onílé sí ìnáwó tí kì bá ná, àti bóyá yóò dín iye tí wọ́n lè ta ilé náà kù. Ẹ wo ti ìkẹyìn yẹn! Ayé Thatcher, olórí ìjọba Britain nígbà náà, kúkú ni, tí wọ́n ń ta ilé káńsù fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Fún ayálégbé housing association (àjọ tí kì í ṣe káńsù tó ń yáni nílé), Òfin Ìdọ́gba ti 2010 náà ní irú ààbò bẹ́ẹ̀, bí àdéhùn ilé bá ti gba àtúnṣe láyè pẹ̀lú àṣẹ onílé. Ó sì lè béèrè owó ìrànwọ́ DFG (Disabled Facilities Grant), tí wọ́n fi ń tún ilé àkàndá ẹ̀dá ṣe, lọ́wọ́ káńsù, tó lè tó pọ́n-ùn 30,000 ní England. OT (occupational therapist), òṣìṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ilé ṣe bá ara ẹni mu, yóò wá wo bó ṣe ń dìde lórí àga, yóò fi téèpù wọn ẹnu ọ̀nà. Bí ìwé bá ti pé, káńsù gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù 6. Bó bá jẹ́ ti ọmọdé, wọn kì í yẹ àpò òbí wò.

Lójú tèmi, ìdákẹ́ onílé burú ju kíkọ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n kọ̀ fún lábẹ́ òfin 1985 yóò gba ìdí rẹ̀ ní kíkọ. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣì máa retí kò rí nǹkan kan dì mú. Àwọn aṣòfin rí èyí: bí àkókò tó yẹ bá kọjá láìsí èsì, òfin kà á sí pé onílé ti kọ̀. Àmọ́ ìbéèrè tí ayálégbé fi ránṣẹ́ ní kíkọ nìkan ni èyí bá wí. Ìpè fóònù kò tó.