Orírun Ìdílé Lincoln ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Kò sí ẹni tí ó rin jìnnà sí ilé baba rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kì í padà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún àwọn òyìnbó tí àwọn baba ńlá wọn sọdá òkun láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè wọn kò yé jẹ́ ọ̀kan náà: ta ni ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ nínú ìran wa, abúlé wo ni ó sì ti gbéra? Ní ọdún 1845, àwọn kan tilẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Boston nítorí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Àwa fẹ́ fi ìtàn ìdílé kan ṣe àpẹẹrẹ lónìí, kí ẹ̀yin òǹkàwé wa lè rí bí a ti ń tọpa ìran, kí ẹ sì rí ìdí tí kò fi yẹ kí a gba ohun gbogbo tí ó bá dùn létí gbọ́. Ìdílé náà ni ti Abraham Lincoln, ẹni tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1861.

Ní ọdún 1848, nígbà tí Lincoln jẹ́ aṣòfin ní Washington, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Solomon Lincoln, ará Hingham ní Massachusetts, wádìí ìran rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Solomon yìí ti kọ ìwé ìtàn ìlú Hingham ní 1827. Ìdáhùn tí ó gbà kò gùn. Lincoln mọ baba rẹ̀, Thomas. Ó mọ̀ pé baba baba rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Abraham, kó kúrò ní Virginia lọ sí Kentucky ní nǹkan bí ọdún 1782. Ó sì ti gbọ́ fìrífìrí pé láti Pennsylvania ni wọ́n ti dé Virginia. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ parí sí.

Kì í ṣe àìbìkítà ni ó fà á. Ní ọdún 1786, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn àti àwọn àtìpó òyìnbó ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, pa Abraham àgbà ní oko rẹ̀ ní Kentucky. Ọmọ ọdún mẹ́jọ péré ni Thomas ní ọjọ́ náà. Ìtàn tí ó yẹ kí baba pa fún ọmọ ní alẹ́ bá baba wọ ibojì.

Àwọn àgbà wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lincoln náà kíyè sí i pé àwọn orúkọ bí Mordecai, Solomon àti Abraham wọ́pọ̀ nínú ilé tirẹ̀ àti nínú ilé àwọn Lincoln ti ìhà Massachusetts. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣókí ní ọdún 1859, kò sọ ju pé àwọn orúkọ náà jọra. Ó ṣe ọgbọ́n. Ní Hingham nìkan, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà, Thomas Lincoln mẹ́rin ni ó wà: ọ̀kan ń hun aṣọ, èkejì ń kan àgbá, ẹ̀kẹta ń lọ ọkà, ẹ̀kẹrin ń ro oko. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ó bá di ahunṣọ mú níbi tí ó yẹ kí ó di àgbẹ̀ mú ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ onílé mìíràn.

Lẹ́yìn tí Lincoln ti kú ní 1865 ni àwọn olùwádìí tó rí ọ̀nà náà já. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti orí ohun tí a mọ̀ ni wọ́n ti ń lọ sí ohun tí a kò mọ̀. Wọ́n yẹ ìwé ilẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìwé ìpíngún wò, wọn kò sì gbé ẹsẹ̀ kan sókè kí èkejì tó rí ilẹ̀ tẹ̀. Láti Kentucky wọ́n padà sí Virginia, níbi tí John, baba Abraham àgbà, ti tẹ̀dó ní 1768. Láti ibẹ̀ wọ́n dé Pennsylvania, níbi tí Mordecai, baba John, ti kọ́ ilé olókùúta ní 1733. Baba Mordecai yìí náà ń jẹ́ Mordecai. Alágbẹ̀dẹ ni ní Massachusetts. Baba alágbẹ̀dẹ náà sì ni Samuel Lincoln, ẹni tí ó gbé ìran yìí dé Amẹ́ríkà.

Ta wá ni Samuel? Nínú ìwé tí a kọ orúkọ àwọn èrò ọkọ̀ sí ní èbúté Yarmouth ní ọdún 1637, a rí Francis Lawes, ahunṣọ láti ìlú Norwich, àti ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. A rí Samuel Lincoln pẹ̀lú wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ìwé ìjọ Hingham, ní ẹkùn Norfolk, sì fi hàn pé wọ́n ṣàmì fún Samuel, ọmọ Edward Lincoln, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1622. Ohun tí ó mú kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ni pé ní 1538, Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé méjèèjì kò bá ara wọn mu. Èyí tí ó wà ní èbúté ní ọmọ ọdún 18 ni Samuel. Bí a bá sì ka ọdún láti ọjọ́ ìsàmì rẹ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Ọjọ́ ìsàmì kì í ṣe ọjọ́ ìbí, ọmọdé tí ó fẹ́ kí a kà á sí ọkùnrin sì lè fi ọdún kún ọdún rẹ̀. Olùwádìí tòótọ́ a tẹ́ méjèèjì síwájú wa. Kì í fi ọ̀kan pamọ́ kí ìtàn rẹ̀ lè dán.

Ìdí tí ọmọ náà fi kúrò nílé kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Richard, baba Edward, fẹ́ ìyàwó mẹ́rin ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé. Àwọn ọmọ ìyàwó ìkẹyìn ni ó pín ogún fún, Edward tí í ṣe ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ sì pòfo. Ìjà ẹ̀sìn tún wà nílẹ̀: àlùfáà Hingham, Robert Peck, kọ ìlànà Bíṣọ́ọ̀bù, òun náà sì sọdá òkun ní 1638. Ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ti ṣáájú rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti fi orúkọ ìlú wọn sọ ìlú tuntun ní Massachusetts.

Ẹ kíyè sí i pé ìwádìí yìí kò parí sí ààfin ọba. Ọ̀dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ahunṣọ kan ni ó parí sí. Ọ̀pọ̀ olówó Amẹ́ríkà ni kò ní fẹ́ irú òpin bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gustave Anjou, tí ó kú ní 1942, fi àìfẹ́ wọn ṣòwò: ó ń ṣe ayédèrú ìtàn ìran, ó ń tà á fún wọn, títí di òní ni èké rẹ̀ sì ń da ojú ọ̀nà rú fún àwọn tí ń wá òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìlú Hingham kò tijú ọmọ ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Láti ọdún 1919 ni ère orí Abraham Lincoln ti wà nínú ilé ìjọsìn níbi tí wọ́n ti ṣàmì fún Samuel.

Ohun kan wà tí ó dun àwa púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1863 ni Lincoln kéde òmìnira fún àwọn ẹrú tí ń bẹ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó dìtẹ̀. Ẹni tí ó kéde yìí, a lè tọpa rẹ̀ padà dé ọ̀dọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ kan ní 1637, nítorí pé akọ̀wé kan ní èbúté kọ orúkọ ọmọ náà. Àwọn tí ó kéde fún ńkọ́? Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1850 àti ti 1860, ọjọ́ orí, àwọ̀, àti bóyá akọ tàbí abo ni ẹrú, ni wọ́n ń kọ sí abẹ́ orúkọ olówó rẹ̀. Orúkọ ẹrú gan-an kò sí níbẹ̀. Ìkànìyàn 1870 ni àkọ́kọ́ tí ó kọ orúkọ gbogbo wọn. Ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí a kó rékọjá òkun láti etíkun wa. Àwọn náà ní ilé, wọ́n ní oríkì, wọ́n sì ní orúkọ tí a wo ilé kí a tó sọ wọ́n. Kò sí akọ̀wé tí ó bi wọ́n léèrè.

Nítorí náà, bí arọ́mọdọ́mọ wọn bá dé láti òkèèrè tí ó ń béèrè ilé baba rẹ̀, ẹ má ṣe fi ìtàn adùn-létí tan án. Ẹ sọ èyí tí ẹ mọ̀ fún un, kí ẹ sì fi ibi tí ìmọ̀ yín parí sí hàn án, gẹ́gẹ́ bí Lincoln ti ṣe ní 1848. Àwa tí àgbà ṣì wà láàyè nínú ilé wa, ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti kálámù, kí a jókòó tì wọ́n, kí a kọ orúkọ àwọn baba àti ìyá wa, agbo ilé wọn àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì lè dáhùn.