Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Tí Ó Ní Àṣàrò Lè Dín Ìwà Ipá Kù

Ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fairfield. Oko àgbàdo ni ó yí i ká. Ilé ńlá méjì wà níbẹ̀ tí òrùlé wọn rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí àwọ̀ wọn sì jọ ti wúrà. Ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn a máa wọ inú wọn lọ, wọn a di ojú, wọn a sì dákẹ́. Maharishi International University, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, ni ó ni wọ́n.

Ará Íńdíà kan, Maharishi Mahesh Yogi, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn olórin Beatles lọ ní 1968 láti kọ́ àṣàrò. Ní 1974 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà kó dé Fairfield, sínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí gbèsè ti lé kúrò nílẹ̀. Àjọ tí ń yẹ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wò fọwọ́ sí i. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú.

Àṣàrò náà fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà. Ènìyàn yóò jókòó fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, yóò máa wí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ọkàn rẹ̀. Ọkàn a máa balẹ̀. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà sọ pé a lè fi kún ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, kò sí ẹni tí ìbá bá wọn jiyàn.

Kò mọ síbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ni pé bí ènìyàn díẹ̀ bá péjọ ṣe àṣàrò, ìwà ipá yóò dín kù ní gbogbo ìlú, àní láàárín àwọn tí kò gbọ́ nípa wọn rí. Wọ́n tilẹ̀ ní ìṣirò fún un. Ẹ mú ìlú tí ó ní mílíọ̀nù kan ènìyàn. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 10,000. 100 lọ́nà 100 ni 10,000. Nítorí náà, 100 ènìyàn péré tó! Apá kan nínú iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí ni ohun tí wọ́n ń pè ní fífò: ẹni tí ó ká ẹsẹ̀ jókòó yóò máa ta lórí tìmùtìmù bí ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n ní ìpele àkọ́kọ́ nìyẹn, pé ó ń bọ̀ wá léfòó. A kò tíì rí ẹnì kan tí ó léfòó.

Ní 1993, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. John Hagelin, onímọ̀ físíìsì tí ó kàwé ní Harvard, tí ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Fairfield, ni olórí ètò náà. Láti oṣù Òkúdù dé òpin oṣù Agẹmọ, iye àwọn tí ó ń ṣe àṣàrò níbẹ̀ ń pọ̀ sí i títí ó fi tó nǹkan bí 4,000. Ní ọdún kejì, wọ́n kéde pé ìwà ipá dín kù ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n ó lé ní 450 ènìyàn tí wọ́n pa ní ìlú náà ní 1993, iye náà sì ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Robert Park, onímọ̀ físíìsì mìíràn, tọ́ka sí ìpànìyàn yìí. Báwo ni ohun tí ó ń pọ̀ ṣe tún dín kù?

Ẹ wo ọkùnrin kan tí ó ta òògùn eku fún aládùúgbò rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, eku jẹ àpò àgbàdo mẹ́wàá. Lẹ́yìn òògùn, wọ́n jẹ mọ́kànlá. Ọlọ́jà ní, “Òògùn mi jẹ́. Bí kò bá sí i, mẹ́tàlá ni wọn ìbá jẹ.” Níbo ni ó ti rí mẹ́tàlá? Òun ni ó ṣírò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti Washington: kì í ṣe iye ọdún tó kọjá ni wọ́n fi wé tiwọn, bí kò ṣe iye tí wọ́n ní ìbá ṣẹlẹ̀. Wọ́n wo bí ooru ṣe mú àti àkọsílẹ̀ àtijọ́, lóòótọ́. Síbẹ̀, Hagelin tí ó ṣètò àṣàrò náà wà lára àwọn tí ó ṣe ìṣirò. Ní 1994, wọ́n fún un ní Ig Nobel, ẹ̀bùn tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, ní ẹ̀ka àlàáfíà.

Hagelin tún ń kọ́ni pé orísun kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ físíìsì ń wá fún gbogbo agbára ayé kò yàtọ̀ sí ọkàn ènìyàn. Kò sí ìdánwò kankan tí ó fi èyí hàn. Wọ́n tún gbà pé ilé tí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn ni ó dára, wọ́n sì wó àwọn ilé àtijọ́ nínú ọgbà náà.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2004, akẹ́kọ̀ọ́ kan gún ẹlòmíràn pa ní yàrá ìjẹun ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹnì kan ṣoṣo kò tó láti fi da ẹ̀kọ́ nù. Ṣùgbọ́n apànìyàn náà ti kọlu akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ní kíláàsì lọ́jọ́ kan náà, ìdílé olóògbé sì pe ilé-ẹ̀kọ́ náà lẹ́jọ́.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ láti Áfíríkà wà lára àwọn tí ń lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Fairfield. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà náà rọrùn láti yẹ̀ wò: bí ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ kò bá pé, ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́. Àṣàrò pẹ̀lú wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, lábẹ́ ìwé-ẹ̀rí kan náà.