Àlàfo Ìbẹ̀rẹ̀ Ìlà Nínú Iṣẹ́ Títáìpù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ore, tí ó gbé eré-oníṣe tí ó kọ lédè Yorùbá lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń táìpù lẹ́bàá títì Èkó sí Benin. Orúkọ òṣèré wà lápá òsì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Gbogbo rẹ̀ gún régé. Nígbà tí wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn ní Odigbo, ọ̀rọ̀ ti fọ́n ká bí àgbàdo tí adìẹ dà nù. Kí ló fà á?

Lórí táìpírátà àtijọ́, àyè kan náà ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń gbà. I kò kéré sí m. Ẹni tó tẹ àlàfo ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ kò jẹ̀bi rárá. (Ọwọ́ àwọn tó kọ́ táìpù lórí irin ni a ti jogún àṣà yìí.) Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, m fẹ̀ ju i lọ. Bí irú lẹ́tà bá yí padà, ohun tí a fi àlàfo tò yóò yẹ̀.

Bọ́tìnì Tab yàtọ̀. Àmì kan ṣoṣo ni ó ń fi sílẹ̀, nọ́ńbà 9 nínú ètò ASCII. Àlàfo ni nọ́ńbà 32. Iṣẹ́ àmì náà ni pé kí ọ̀rọ̀ fò dé ibi ìdúró tó kàn. Nínú Word, ojú rúlà tó wà lókè ìwé ni a ti ń tẹ ibi ìdúró náà sí. Ní ti ìbẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀, ẹ lọ sí Paragraph, kí ẹ mú First line lábẹ́ Indentation.

Fún àwọn tó ń kọ́ bí a ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà ju ti ẹwà lọ. Nínú Python, àlàfo ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni ó ń fi hàn pé ìlà kan wà lábẹ́ òmíràn. Bí Tab àti àlàfo bá lọ́ mọ́ra wọn, Python 3 lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Àlàfo mẹ́rin mẹ́rin ni ìlànà PEP 8 ti ọdún 2001 dámọ̀ràn. Make, tí Stuart Feldman ṣe ní 1976, Tab gan-an ni ó ń retí níwájú ìlà àṣẹ!

Nínú VS Code, ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ẹ bá rí «Spaces: 4», àlàfo mẹ́rin ni bọ́tìnì Tab yín ń fi sílẹ̀. Ẹ tẹ ibẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ yí i padà. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí «Convert Indentation to Spaces», tí ó ń tún fáìlì tó ti dàrú tẹ́lẹ̀ ṣe.